Ọmọ tí ẹ̀rù ìwé kíkà ń bà: kí ni ìwòye kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá yóò sọ nípa rẹ̀?

Tíṣà Òkè-Àdó kọ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ìhà Òkè-Àdó níbí ní Ìbàdàn, kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́, mo sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kàwé kún ìwé. Nínú ẹ̀kọ́ sàíkọ́lọ́jì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa ni pé kí a ṣàlàyé àwọn ìwòye pàtàkì tí àwọn onímọ̀ fi ń wo ìhùwàsí ẹ̀dá. Mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo ti kọ ọdún wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé n kò lè fi ọ̀kankan nínú wọn ṣe ohunkóhun bí ilẹ̀ Mọ́ńdè bá mọ́.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí ó bá di àkókò ìsinmi, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń yí i ká sí, tí yóò máa pa àlọ́ ìjàpá fún wọn, tí yóò máa yí ohùn padà bí ajá, bí ẹkùn, títí ẹ̀rín yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí n pè é kí ó dìde ka ìlà méjì péré nínú ìwé, òógùn yóò bo imú rẹ̀, ìwé yóò máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Bí mo bá ti gbà kí ó jáde, kò ní padà títí ẹlòmíràn yóò fi kà á tán. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n nà án. Èkejì ní kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ fún àdúrà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìmọ̀ yìí, kí ni ìwòye kọ̀ọ̀kan yóò sọ nípa ọmọ yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ń kàwé fún oyè kejì nínú ìmọ̀ yìí, inú mi sì dùn gidigidi sí ìbéèrè yín, nítorí láti ara ènìyàn ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kò bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ.

Mo fẹ́ sáré kọjá lórí ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1879 ni Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní ìlú Leipzig ní Jámánì, níbi tí òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń wọn bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ènìyàn tó fura sí ìró tàbí ìmọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè ohun tí ó ń lọ nínú ọkàn ẹni náà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, William James ní tirẹ̀ béèrè pé ìwúlò wo ni ọkàn ní fún ẹ̀dá nínú ìgbé-ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1913, John B. Watson dìde, ó ní kí a fi ohun tí ó wà nínú tí ojú kò rí sílẹ̀, kí ó jẹ́ pé ohun tí ènìyàn ń ṣe tí gbogbo wa jọ ń fojú rí nìkan ni a ó máa yẹ̀ wò. Ìwòye ti ìhùwàsí nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé ó bá ọ̀rọ̀ ọmọ yín mu.

Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pavlov, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ṣàkíyèsí pé itọ́ máa ń dà lẹ́nu àwọn ajá rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé ẹnu wọn rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìró kan ṣáájú oúnjẹ, kò sì pẹ́ tí ó fi jẹ́ pé ìró náà nìkan ti tó láti mú kí itọ́ dà. Ohun tí kò jámọ́ nǹkan kan fún ajá tẹ́lẹ̀ ti gba agbára oúnjẹ. Watson àti Rosalie Rayner wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn ní ọdún 1920. Wọ́n mú eku funfun kan wá síwájú ọmọ ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Albert, ọmọ tí kò bẹ̀rù eku tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi òòlù lu irin kí ó dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀ bí ó bá ti nawọ́ sí eku náà. Láìpẹ́, bí ó bá rí eku, ó sun ẹkún. Ó tún ń bẹ̀rù ehoro àti ajá pẹ̀lú. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ó dùn mí pé wọn kò yọ ẹ̀rù náà kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ kí ìyá rẹ̀ tó gbé e lọ. Òfin ìwádìí òde òní kò ní gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láàyè.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù ni Mary Cover Jones. Ní ọdún 1924, ó kọ̀wé nípa ọmọ kékeré kan tí ó pè ní Peter, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Nígbà tí Peter bá ń jẹ oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, wọn yóò gbé ehoro nínú àgò sí ọ̀kánkán, wọn yóò sì máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí ara ọmọ náà bá ṣe gbà á tó. Nígbà tí ó yá, Peter ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ehoro náà lára. Ìbéèrè tí ìwòye yìí ní fún yín, mà, ni pé: kí ni ó ti so mọ́ ìwé kíkà lára ọmọ yín tí ìwé fi di ejò lójú rẹ̀, kí sì ni ẹ lè so mọ́ ọn báyìí tí yóò borí ti àkọ́kọ́?

Alàgbà Béèrè fèsì pé:

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, ilé-ẹ̀kọ́ tí a lọ nígbà náà, ẹgba ni wọ́n fi kọ́ wa ní ìsọdipúpọ̀, a sì mọ̀ ọ́n títí di òní. N kò sọ pé kí wọ́n lu ọmọ bí ẹni lu bàrà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a óò fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Bí a bá ní kí a má bá ọmọ wí mọ́ nítorí àwọn ajá ará Rọ́ṣíà, ṣé kì í ṣe pé a ń ba ọmọ jẹ́ nìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó fèsì pé:

Ẹ ṣé, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe èyí tí a lè gbójú fò. Kódà inú ìwòye ti ìhùwàsí kan náà ni wọ́n ti ṣèwádìí lórí rẹ̀. B. F. Skinner, ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún wo bí ẹyẹlé àti eku ṣe ń kọ́ ohun tuntun, sọ pé ìwà tí ó bá mú èrè wá ni ẹ̀dá máa ń tún hù. Ó ní ìjìyà lè dá ìwà dúró lójú ẹni tí ó mú pàṣán lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í kọ́ ẹ̀dá ní ohun tí ó yẹ kí ó ṣe dípò rẹ̀. Bàbá, ẹni tí ó ti mọ ìsọdipúpọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹgba lè lé lọ sídìí iṣẹ́. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n nídìí ìwé kò ṣe ọ̀lẹ. Bí a bá nà án níbẹ̀, a ti fi òòlù lu irin lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

Ohun mìíràn tí Skinner yóò rí nínú ohun tí Tíṣà sọ ni ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Bí ọmọ náà bá ti jáde, ẹ̀rù rẹ̀ yóò rọlẹ̀, ìrọ̀rùn yẹn sì ni èrè tirẹ̀. Èrè kì í ṣe kí a fúnni ní bisikíìtì nìkan. Kí ohun tí ń nini lára dáwọ́ dúró, èrè ni pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí yóò fi tún béèrè láti lọ tọ̀ lọ́la àti lọ́túnla.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ àwọn tí ara ọpọlọ wọn kò yá ni mo sì ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún iṣẹ́ mi. Àbúrò mi ní Agbowó, o ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ti ara kún un, nítorí pé a kì í jókòó ti ọ̀rọ̀ ọkàn láìtíì wo ara.

Tíṣà, ṣé wọ́n ti yẹ ojú ọmọ náà wò? Ṣé ó ń gbọ́ràn dáadáa? Ọmọ tí lẹ́tà ń dà rú mọ́ lójú yóò bẹ̀rù ìwé kíkà, kò sì ní mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń ríran. Ìwòye ti ara àti ọpọlọ ni èyí. Ní ọdún 1861 ní ìlú Paris, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Paul Broca tọ́jú ọkùnrin kan tí kò lè sọ ju "tan" lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, Broca rí i pé apá iwájú lọ́wọ́ òsì ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ ní ibùjókòó rẹ̀ nínú ọpọlọ.

Ẹ̀rù pàápàá ní ibùjókòó. Apá kékeré kan wà ní inú lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní amygdala. Òun ni ó máa ń ta ara lólobó bí ewu bá dé, àyà yóò máa lù kìkì, òógùn yóò bò ènìyàn, ìtọ̀ yóò máa gbọ̀n ọ́n. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí ìtọ̀ ọmọ yẹn má jẹ́ irọ́ rárá. Ó lè máa gbọ̀n ọ́n ní tòótọ́, kí jíjáde rẹ̀ sì tún jẹ́ èrè bí àbúrò mi ṣe sọ ọ́. Àlàyé méjèèjì kò pa ara wọn.

Ìyá Ìbejì Gbági fèsì pé:

Ẹ kú àlàyé o. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, n kò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n mo ń kà gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti àná. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ẹnì kan tí mo máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n bá ti dárúkọ sàíkọ́lọ́jì ni Freud. Èé ṣe tí kò tíì sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀? Èkejì, Tíṣà ní ọmọ náà máa ń pa àlọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Èdè wo ni ó fi ń pa àlọ́ yẹn? Èdè wo sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí ẹ ń ní kí ó kà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó fèsì pé:

Mà, n kò ní purọ́ fún yín, mo ka ìbéèrè yín kejì, mo sì dìde kúrò nídìí kọ̀ǹpútà mi fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Freud kí n tó dé ibẹ̀.

Oníṣègùn ni Sigmund Freud ní ìlú Vienna, ìwé rẹ̀ lórí ìtumọ̀ àlá sì ní ọdún 1900 lára. Ó ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń darí ènìyàn ni òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ síni ní kékeré a máa wà nísàlẹ̀ inú, a sì máa yọjú nínú àlá, nínú àṣìsọ, tàbí nínú àìsàn tí oníṣègùn kò rí ìdí rẹ̀. Yorùbá tí ó ní a ń rí ẹni ṣùgbọ́n a kò rí inú kò ní ta ko èyí pátápátá. Níbi tí mo ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó sọ kò ṣeé dán wò: bí aláìsàn bá gbà, ó ní òótọ́ ni, bí ó bá kọ̀, ó ní òun ni ó ń fi pamọ́. Ìmọ̀ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún kí a já a ní irọ́, ó ṣòro láti gbà á ní òótọ́. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí n kò ní jù nù, òun ni pé: kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí sẹ́yìn tí kò sí ẹni tí ń sọ ọ́? Tíṣà, ẹ bá wa bi ìyá rẹ̀.

Ní ti èdè, ìwòye ti àwùjọ àti àṣà ni ẹ fọwọ́ kàn yẹn, mà. Lev Vygotsky, ará Rọ́ṣíà tí ikọ́ fée pa ní ọdún 1934 nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, sọ pé àárín àwọn ènìyàn ni ìrònú ọmọ ti ń dàgbà, àti pé èdè ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tí ọmọ lè fi ìrànlọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe lónìí ni yóò dá ṣe lọ́la, nítorí náà ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ dúró sí. Kò tilẹ̀ yẹ kí a rìn jìnnà. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wọn kò sì pa Gẹ̀ẹ́sì wọn lára.

Tíṣà Òkè-Àdó fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun púpọ̀púpọ̀. Yorùbá ni ó fi ń pa àlọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé. Mo ti ń wo ọmọ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, n kò fi ìgbà kan so méjèèjì pọ̀.

Mo ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí ó ka ìwé níwájú gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, olùkọ́ ní kí gbogbo wọn hó lé e lórí, wọ́n sì nà án ní ẹgba mẹ́fà. Ọmọ náà kò sọ ọ́ nílé. Ẹnu ọmọ aládùúgbò ni ìyá ti gbọ́ ọ. Mo rọra bi òun náà pé kí ni ó máa ń rò bí mo bá pe orúkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí, ó wá ní, "Bí mo bá ṣi ọ̀kan, gbogbo wọn máa mọ̀ pé olódo ni mí." Ìyá rẹ̀ tún bi mí bóyá kí òun gbé e lọ fún àdúrà, n kò mọ èsì tí ó yẹ kí n fún un.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ohun tí ọmọ yẹn sọ. Ẹgba mẹ́fà náà ti san lára rẹ̀ o, ìhó yẹn ni kò tíì san.

Lórí ọ̀rọ̀ àdúrà, ẹ má ṣe bá ìyá jà. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ẹni tí ó padà di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àró ní Abẹ́òkúta. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa dáná fún wọn, tí yóò sì máa tẹ̀ lé wọn lọ gba ìtọ́jú. Ó gba àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n mọ ilé tí aláìsàn ti wá àti ohun tí ń bà á lẹ́rù. Kò pa oògùn òyìnbó tì, kò sì fi ojú ẹ̀gàn wo ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ìyá bá fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbà á, kí ó ṣáà má jẹ́ pé wọ́n ń sọ sí ọmọ náà létí pé ẹ̀mí burúkú ni ó wà lára rẹ̀. Ìyẹn yóò tún fi ìtìjú kún ìtìjú.

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa olódo, àbúrò mi, bá wa ṣàlàyé rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Agbowó fèsì pé:

Ìwòye ti ìrònú ni, mà. Láti nǹkan bí ọdún 1950 sókè ni àwọn onímọ̀ ti padà sídìí ohun tí Watson ní kí a fi sílẹ̀, ìyẹn ohun tí ó wà nínú. Ní ọdún 1959, Noam Chomsky kọ̀wé ta ko Skinner, ó ní ọmọdé ń sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ létí rẹ̀ rí, nítorí náà èrè àti ìjìyà nìkan kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe gbọ́ èdè. Ní ti ìtọ́jú, Aaron Beck tí ó ti kọ́ iṣẹ́ Freud tẹ́lẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìbànújẹ́ dorí wọn kodò máa ń ní èrò kan tí ń sáré kọjá lọ́kàn wọn, èrò kúkúrú, bíi "n kò wúlò," wọ́n á sì gbà á láìyẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ olùtọ́jú ni láti bá wọn mú èrò náà dúró, kí wọ́n jọ béèrè ẹ̀rí rẹ̀. "Olódo ni mí" jẹ́ irú èrò bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ̀rí tí yóò ta kò ó sì wà lábẹ́ igi máńgòrò lójoojúmọ́: olódo kan kì í há àlọ́ gígùn sórí kí ó sì mú ọgbọ̀n ọmọ dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ.

Ìwòye ti iyì ọmọnìyàn nìkan ni ó kù tí a kò tíì dárúkọ. Abraham Maslow ní ọdún 1943 sọ pé bí ènìyàn bá ṣì ń wá oúnjẹ, ààbò àti ìfẹ́, agbára káká ni yóò fi ráyè fún ohun tí ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, Carl Rogers sì ní kí a gba ẹni tọwọ́tẹsẹ̀ láìfi ohunkóhun ṣe àdéhùn. Ó hàn sí mi pé Tíṣà ti ń ṣe èyí láìdárúkọ rẹ̀, nígbà tí ó rọra béèrè tí ó sì dúró títí ọmọ náà fi sọ̀rọ̀.

Alàgbà Béèrè fèsì pé:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mo rántí ọmọ kan tí a jọ wà ní kíláàsì nígbà náà, tí wọ́n fi ẹgba lé kúrò nílé-ẹ̀kọ́, tí kò padà mọ́. N kò kà á mọ́ àwọn tí ẹgba kọ́ nígbà tí mo kọ̀wé ní àkọ́kọ́. Tíṣà, ẹ má nà án.

Tíṣà Òkè-Àdó fèsì pé:

Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá. N kò ní nà án.

Ohun tí mo ṣe láti ọjọ́ Mọ́ńdè nìyí. Mo ní kí ó sọ ọ̀kan nínú àwọn àlọ́ rẹ̀ fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá lójú rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́, ìlà mẹ́jọ, mo wá ní kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé kí ó kà á fún un. Ó kà á láìdúró. Ó tilẹ̀ yí ohùn padà níbi tí ajá ti sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi ìlà Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo kún un nísàlẹ̀, mo sì jókòó tì í, èmi ka ọ̀rọ̀ kan, òun ka èkejì. Òógùn yọ lórí imú rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, mo ní kí ó máa lọ, pé a óò dúró dè é. Ó lọ, ó padà wá fúnra rẹ̀, ó sì ka ọ̀rọ̀ méjì tí ó kù.

Ọjọ́rú tí ń bọ̀ ni ìyá rẹ̀ yóò gbé e lọ yẹ ojú wò. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, bí ara rẹ̀ bá gbà á, màá fi ọmọ kan kún wọn nídìí fèrèsé, kí wọ́n di mẹ́ta. Ní ti iṣẹ́ tí wọ́n fún wa, mo ti fa ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ya, orúkọ ọmọ náà nìkan ni n kò ní kọ sínú tuntun.